Àgbọn Lórí Ilẹ̀ Wa: Ta Ni Yóò Gbìn Ín, Ta Ni Yóò Jẹ Èso Rẹ̀?

Ẹgbẹ́ ní ká wá sọ̀rọ̀ lórí àgbọn, nítorí pé láti ìgbà díẹ̀ sẹ́yìn làwọn ọmọ wa ti ń béèrè bóyá ó yẹ kí àwa ará Atakpamé náà máa gbin àgbọn ní oko ńlá, kó má kàn jẹ́ igi kan tàbí méjì lẹ́yìn ilé. Àwọn kan ní owó wà nínú rẹ̀. Àwọn kan ní igi etíkun ni, kò lérè níbí. Àwa gbà pé ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ló sọ òótọ́ díẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tó le jù kò tíì jáde lẹ́nu ẹnikẹ́ni, òun la sì fẹ́ gbé síwájú àwọn ìjòyè wa lónìí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ibi tí igi yìí ti wá. Àgbọn kì í ṣe igi ìbílẹ̀ wa bí ọ̀pẹ. Àwọn Potogí ló gbé e dé ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà ní nǹkan bí 500 ọdún sẹ́yìn. Ìhà òkun Íńdíà ni wọ́n ti gbé e, ó gba Cap-Vert kọjá kó tó tàn ká etíkun wa. Èso díẹ̀ ni wọ́n kó wá, ìdí nìyẹn tí àgbọn gíga àtijọ́ tí a ń rí láti Côte d'Ivoire dé Nàìjíríà fi jọra bí ọmọ ìyá. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, a ó padà débẹ̀.

Nígbà tí àwọn Jámánì ń ṣèjọba ní Tógò, wọ́n la ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin, wọ́n sì ń fi orúkọ ọjà tí kálukú ń kó pè é. Èyí tó ti Lomé lọ sí Aného, tí wọ́n ṣí ní 1905, ọ̀nà àgbọn ni. Ti Kpalimé, ní 1907, ọ̀nà kòkó. Tiwa tó wá sí Atakpamé, ọ̀nà òwú. Láti ìgbà náà ni ó ti wà lọ́kàn wa pé àgbọn jẹ́ ti àwọn ará Aného, òwú jẹ́ tiwa. Ohun tí òwú ti ṣe fún wa àti ohun tí kò ṣe, ẹ̀yin àgbẹ̀ mọ̀ ọ́n jù wá lọ, a ò ní fà á gùn.

Ṣé àgbọn lè so dáadáa níbí? Ó lè so, ṣùgbọ́n kì í ṣe níbi gbogbo. Àgbọn fẹ́ ooru, ó fẹ́ oòrùn, ó sì fẹ́ omi lẹ́sẹ̀ ní gbogbo oṣù. Ooru àti oòrùn, a ní wọn. Omi ni ìṣòro. Òjò tó ń rọ̀ ní Atakpamé lọ́dún tó nǹkan bíi 1,300 mìlímítà, ìyẹn sì sún mọ́ ohun tí àgbọn fẹ́ tí a bá wo àpapọ̀ rẹ̀ nìkan. Ṣùgbọ́n igi kì í mu àpapọ̀. Láti oṣù kọkànlá títí di oṣù kẹta, ọyẹ́ á fẹ́, ilẹ̀ á sán, igi á máa jìyà. Nítorí náà, ẹni tó bá ní kí ẹ gbin àgbọn sórí òkè olókùúta, ẹ má dá a lóhùn. Àkùrọ̀ ni ibi rẹ̀: etí Mono, etí Ogou, etí Anié, etí Amou, àti àwọn odò kéékèèké tó ń ṣàn sínú wọn, níbi tí omi kò jìnnà sí gbòǹgbò ṣùgbọ́n tí kò dúró sójú kan. Tí omi bá dúró sí i lẹ́sẹ̀, gbòǹgbò rẹ̀ á jẹrà.

Ohun kan wà tí a fẹ́ kẹ́ ẹ fetí sí dáadáa, nítorí ó máa ń dá ìjà sílẹ̀ nínú ẹbí. Igi àgbọn tó ti dàgbà máa ń yọ òdòdó tuntun bí ẹ̀ẹ̀kan lóṣù. Láti ìgbà tí òdòdó bá ti di ọmọ wẹ́wẹ́ dé ìgbà tí èso á gbó, bí oṣù 11 sí 12 ni. Àmọ́ òdòdó náà ti wà nínú ọkàn igi, ní kékeré tí ojú kò lè rí, fún ohun tó ju ọdún kan lọ kó tó yọ síta. Ẹ kà á pọ̀. Ọ̀gbẹlẹ̀ tó bá igi lónìí, ó lè jẹ́ ọdún méjì tàbí méjì ààbọ̀ sí i la ó tó rí i nínú apẹ̀rẹ̀. Kí làwọn èèyàn máa ń ṣe? Ní ọdún tí èso bá kéré, tí òjò ọdún náà sì dára, wọ́n á ní ẹnì kan ló fi ojú burúkú wo igi, tàbí pé ìyàwó tuntun ló gbé oríburúkú wọlé. Ọ̀gbẹlẹ̀ ìjẹta ni, kì í ṣe ìyàwó! Bákan náà ni ìtọ́jú. Ajílẹ̀ tí a bù sídìí igi lọ́dún yìí, lẹ́yìn ọdún méjì ni yóò san owó rẹ̀. Ẹni tí kò dá a lójú pé òun ni yóò wà níbẹ̀ lẹ́yìn ọdún méjì, ṣé yóò bu ajílẹ̀? Kò ní bù ú. A fẹ́ kí àwọn ìjòyè wa mú gbólóhùn yìí lọ́wọ́ dání, torí òun ló ń gbé wa lọ síbi tí à ń lọ.

Oúnjẹ àgbọn kò ṣòroó rí. Ohun tó ń fà jù nínú ilẹ̀ ni pọtásíọ̀mù, ó wà nínú eérú, ó sì pọ̀ gan-an nínú èèpo onírun tí a máa ń bó dànù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Ẹni tó ń ta àgbọn tòun ti èèpo, ọ̀rá ilẹ̀ rẹ̀ ló ń tà mọ́ ọn. Ẹ bó o lóko. Ẹ gbẹ́ kòtò tí kò jìn yí igi ká, ẹ to èèpo náà sínú rẹ̀, ẹ bò ó. Yóò máa mu omi òjò pa mọ́ bíi kànìnkànìn títí dé inú ọyẹ́, yóò sì máa jẹrà padà di oúnjẹ.

Èkejì ni iyọ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín. A mọ àwọn àgbà tí wọ́n máa ń bu iyọ̀ sí kòtò kí wọ́n tó gbin àgbọn, tí àwa tí a lọ ilé ìwé Faransé sì ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn onímọ̀ ti wá rí i pé igi yìí nílò kilórínì, ohun tó wà nínú iyọ̀ ọbẹ̀. Létíkun, afẹ́fẹ́ òkun ló ń gbé e wá fún un lọ́fẹ̀ẹ́. Lọ́dọ̀ wa níbí, ó ju 150 kìlómítà lọ sí òkun, kò sí afẹ́fẹ́ kankan tí yóò gbé e wá. Ní Filipíìnì, àwọn òṣìṣẹ́ àgbẹ̀ ìjọba fúnra wọn ló ń gba àwọn tí oko wọn jìnnà sí òkun níyànjú pé kí wọ́n máa bu iyọ̀ fún àgbọn. Fún igi tó ti ń so, bíi kílò kan sí kílò méjì lọ́dún, nígbà òjò, ká fọ́n ọn yí igi ká, kó má kan ìdí rẹ̀ gan-an. Fún ọmọ igi, ẹ̀kúnwọ́ kan ti tó. Àmọ́ ẹ má fọ́n ọn sí ibi tí ẹ̀wà tàbí àgbàdo wà o, torí wọn ò fẹ́ iyọ̀ rárá.

Ní ti irúgbìn, a ò lè gé ẹ̀ka àgbọn gbìn, inú èso nìkan ló ti ń wá. Ẹ yan ìyá igi tó ti ń so fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí èso rẹ̀ pọ̀ lọ́dọọdún, kì í ṣe èyí tó so lọ́dún kan tó sinmi lọ́dún kejì. Ẹ jẹ́ kí èso gbẹ dáadáa lórí igi. Ẹ tò wọ́n sí ibòji, ẹ máa bomi rin ín. Èyí tó bá tètè hù, òun ni kẹ́ ẹ mú. Èyí tí oṣù márùn-ún bá kọjá tí kò hù, ẹ fi se oúnjẹ tàbí kẹ́ ẹ jù ú nù, ẹ má ṣàánú rẹ̀.

Àwọn ọmọ wa tó ti rìn dé Abidjan máa ń sọ fún wa nípa àgbọn àdàlù tí wọ́n ń pè ní PB121. Òótọ́ ni. Ilé ìwádìí Marc Delorme ní Port-Bouët ni wọ́n ti ṣe é: wọ́n fi àgbọn kúkúrú aláwọ̀ ìyeyè ti Malaysia àti àgbọn gíga tiwa bí ọmọ. Ó máa ń so ní ọdún kẹrin tàbí karùn-ún, nígbà tí àgbọn gíga máa ń dúró di ọdún kẹfà tàbí keje. Tó bá rí omi àti ajílẹ̀ tó, igi kan lè mú ju 100 àgbọn lọ lọ́dún. Àmọ́ òùngbẹ rẹ̀ pọ̀, àwọn tó bá sì ti ara èso rẹ̀ hù kò ní jọ ìyá wọn. Ẹni tí kò ní ẹ̀rọ omi lóko kó fi í sílẹ̀. Ní ilẹ̀ tí ẹ̀ẹ̀rùn gùn tó báyìí, àgbọn gíga la ó yàn.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí kò dùn ún sọ, ṣùgbọ́n Tógò ló bí i. Àìsàn kan wà tó ń pa àgbọn, tí gbogbo ayé onímọ̀ mọ̀ sí Kaïncopé. Orúkọ abúlé kan létíkun wa ni. Láti àwọn ọdún 1930 ni wọ́n ti ń kọ̀wé nípa rẹ̀. Ní Gánà, Cape Saint-Paul ni wọ́n ń pè é. Ní Nàìjíríà, wọ́n fi orúkọ Awka pè é. Ní Kamẹrúùnù, Kribi. Ẹbí kan náà ni gbogbo wọn. Èso wẹ́wẹ́ á kọ́kọ́ máa já bọ́ láìgbó, òdòdó tuntun á dúdú, imọ̀ á máa pọ́n láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, ọkàn igi á wá jẹrà. Láàárín oṣù díẹ̀, ohun tó kù ni òpó tó dúró láìlórí, bí òpó wáyà. Kò sí oògùn tí àgbẹ̀ lè rà fún un. Nítorí pé àgbọn gíga wa jọra bí ọmọ ìyá, bí a ṣe sọ lẹ́ẹ̀kan, ohun tó pa ọ̀kan kò ní ṣòro fún un láti pa ìkejì. Ní Gánà, wọ́n mú àgbọn àdàlù mìíràn wá, tí wọ́n rò pé yóò kojú àrùn náà, àrùn náà sì tún wọ inú ọ̀pọ̀ nínú wọn. Létíkun tiwa, òkun náà tún ń jẹ ilẹ̀: ẹni tó bá gba Agbodrafo kọjá lọ sí Aného ti rí àgbọn tó dojú bolẹ̀ sínú omi.

Ẹ wò ó, ibi tí ìyà àwọn ará etíkun wà ni àǹfààní wa lè wà, torí a jìnnà sí àrùn náà. Ṣùgbọ́n tí a bá lọ ń fi ọkọ̀ kó ọmọ àgbọn ọlọ́ràá ewé láti etíkun wá síbí, àwọn kòkòrò tó ń fa omi ara igi lè wà lára ewé wọn, àwa la gbé àrùn wọlé yẹn. Ẹ mú èso gbígbẹ láti ara igi tó lera, kẹ́ ẹ hù ú níbí. Kẹ́ ẹ tó gbé ohunkóhun, ẹ bá àwọn òṣìṣẹ́ ICAT àti ITRA sọ̀rọ̀, iṣẹ́ wọn ni.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò díẹ̀. Tí a bá gbin àgbọn ní mítà 9 síra, ní igun mẹ́ta-mẹ́ta, igi 143 ló ń wọ hẹ́kítà kan. Igi tí a pa tì, tí igbó bò, tí iná ọyẹ́ ń jó lọ́dọọdún, tó bá mú 30 èso lọ́dún, ó ti gbìyànjú. Ìyẹn jẹ́ 4,290. Igi tí a ń tọ́jú lè mú 70. Ìyẹn jẹ́ 10,010. Ilẹ̀ kan náà, igi kan náà, òjò kan náà. Bí àgbọn márùn-ún tàbí mẹ́fà ló sì ń mú kílò kan àgbọn gbígbẹ tí àwọn ilé iṣẹ́ ń rà fún òróró. Ohun tó ya 4,290 sí 10,010 ni ọdún márùn-ún àkọ́kọ́: ká máa ro ìdí igi ní fífẹ̀ mítà méjì, ká la ojú iná yí oko ká kí ọyẹ́ tó dé, ká má jẹ́ kí màlúù jẹ ọkàn ọmọ igi, ká máa yọ kòkòrò dúdú oníwo tó ń lu ọkàn àgbọn, ká sì sun kùkùté tó ń jẹrà nítòsí torí inú rẹ̀ ló ń bímọ sí. Láàárín ọdún wọ̀nyí, àgbàdo, ẹ̀pà àti iṣu lè wà láàárín igi, oko kò ní ṣófo. Igi tíìkì tó yí wa ká kì í gba ìyẹn fún ìgbà pípẹ́.

Iṣẹ́ ọwọ́ ọ̀dọ́ ni gbogbo èyí. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wa dé.

Ta ni yóò gbìn ín? Ẹ̀yin ìjòyè wa, ẹ mọ àṣà ilẹ̀ wa jù wá lọ. Àjèjì tó bá wá dáko lọ́dọ̀ wa, yálà Kabiyè tàbí Losso tàbí ẹlòmíràn, a ń fún un ní ilẹ̀ àgbàdo, ilẹ̀ iṣu, ilẹ̀ òwú. Yóò mú ìṣákọ́lẹ̀ wá. Ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ gbin igi tó ń pẹ́, nítorí igi ni ìwé ilẹ̀: ẹni tó gbin igi, ọmọ rẹ̀ á ní bàbá òun ló nilẹ̀. Obìnrin tó ń dáko lórí ilẹ̀ ọkọ, òun náà kò gbọdọ̀ gbìn ín, torí tí ọkọ bá kú, àwọn àbúrò ọkọ á ní ilẹ̀ bàbá àwọn ni. Ọ̀dọ́kùnrin nínú ẹbí tí wọn ò tíì pín ilẹ̀ náà ń bẹ̀rù: tó bá gbìn ín, tó bá ń so, ẹ̀gbọ́n yóò ní ti gbogbo ẹbí ni. Ta ló wá kù? Olórí ẹbí, ẹni 70 ọdún, tí kò lè gbẹ́ kòtò 143. Ẹni tó ní ilẹ̀ kò ní agbára, ẹni tó ní agbára kò ní àṣẹ. Ìgbà náà ni ẹni tó ní owó á ti Lomé dé, á ní òun fẹ́ ra àkùrọ̀ hẹ́kítà 10, 20, ẹbí á tà á nítorí ìsìnkú kan tàbí ìgbéyàwó kan, ilẹ̀ á lọ pátápátá. Ẹ̀rù tí a ní pé àjèjì á fi igi gba ilẹ̀, owó ló ń fi gbà á báyìí, tí a sì ń bá a jó.

A kò sọ pé ìbẹ̀rù àwọn àgbà kò nídìí. Ó nídìí. Àgbọn gíga lè gbé ju 60 ọdún lọ. Ẹni tó rí i tí wọ́n gbìn ín lè má sí láyé nígbà tí ìjà bá dé. Àwa tí a ti fi ọ̀pọ̀ ọdún di ìwé ìjọba mú mọ bí ọ̀rọ̀ ẹnu ṣe ń rí: ẹlẹ́rìí àkọ́kọ́ kú, ẹlẹ́rìí kejì gbàgbé, ẹlẹ́rìí kẹta ti ní ìyá rẹ̀ nínú ẹbí kejì. Ìdí nìyẹn tí a fi ní kí a ya igi kúrò lára ilẹ̀, lórí ìwé. Ilẹ̀ jẹ́ ti ẹbí, títí láé. Igi jẹ́ ti ẹni tó gbìn ín, fún iye ọdún tí a bá jọ fẹnu kò sí. Nígbà tó bá ń so, ìpín kan nínú mẹ́ta lọ sọ́dọ̀ onílẹ̀, tàbí ohun tí ẹbí méjèèjì bá gbà. Kì í ṣe àwa la dá a sílẹ̀. Ní ilẹ̀ kọfí àti kòkó ìwọ̀ oòrùn wa, wọ́n ní àdéhùn tí wọ́n ń pè ní dibi-madibi, ìyẹn ni pé jẹ, kí èmi náà jẹ. Ní Côte d'Ivoire, wọ́n ní èyí tí ẹni tó gbin igi àti onílẹ̀ ń pín oko nígbà tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í so. Àwa ló kù tí a ṣì ń sọ pé igi jẹ́ èèwọ̀.

Òfin ilẹ̀ tuntun, Code foncier et domanial, ti jáde láti ọjọ́ 14 oṣù kẹfà 2018. Ìwé tí àwọn ènìyàn jọ kọ, tí ìjòyè fọwọ́ sí, tí ó ní ààlà, orúkọ àti iye ọdún, yóò gbèjà wa ju ìbúra lọ. Kí ó jẹ́ ẹ̀dà mẹ́rin: ọ̀kan fún onílẹ̀, ọ̀kan fún ẹni tó gbìn ín, ọ̀kan fún ààfin, ọ̀kan fún kómúùnù. Kí wọ́n kà á sókè ní èdè wa níwájú ẹbí méjèèjì, torí ọ̀pọ̀ nínú wa kò gbọ́ Faransé, ìwé tí a kò gbọ́ sì lè di okùn lọ́rùn ẹni tó fọwọ́ sí i.

Ìbéèrè wa sí ẹ̀yin ìjòyè, a fi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ béèrè ni o: ṣé ẹ ó gbà pé lórí àkùrọ̀ àwọn abúlé tó bá fẹ́, obìnrin àti ọ̀dọ́ ẹbí lè gbin àgbọn lórúkọ ara wọn, pẹ̀lú ìwé? Fún àjèjì, ẹ lè sọ pé kó dúró ná. Àwa ì bá fẹ́ kí wọ́n wà nínú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, torí ọwọ́ wọn ló ń ṣe oko wa, ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ mọ bí abúlé yín ṣe rí. Fún àwọn obìnrin, a ò fẹ́ kẹ́ ẹ sọ pé kó dúró. Àwọn ló ń ta àgbọn lọ́jà Atakpamé, àwọn ló ń ṣe òróró rẹ̀, kò sì sí ìdí tí kò fi yẹ kí igi jẹ́ tiwọn.

Ẹgbẹ́ ti ní òun yóò kọ àpẹẹrẹ ìwé àdéhùn náà ní Yorùbá àti ní Faransé, kí ìjòyè kọ̀ọ̀kan lè mú un lọ sílé, kó fi yẹ ohun tó bá fẹ́ yẹ̀ wò lára rẹ̀. Èso tí a bá tò sí ibòji nísinsìnyí, ó kéré tán oṣù mẹ́fà ni kó tó ṣeé gbé lọ sóko. Tí a bá fẹ́ kí ọmọ igi wọlẹ̀ nígbà tí òjò oṣù kẹrin ọdún tó ń bọ̀ bá dúró dáadáa, ó yẹ kí ìdáhùn yín ti tẹ̀ wá lọ́wọ́ kí ọyẹ́ ọdún yìí tó dé. Ẹni tó bá ní ìbéèrè nípa iyọ̀ tàbí nípa ìwé, kó béèrè nísinsìnyí, a ṣì wà níjòókòó.